Àkànní, Jẹ́ Kí Oníṣẹ́ Ọgbà Yẹn Dé Warri Ná

Àkànní ọmọ mi,

Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn níbí wà bó ṣe wà, orúnkún mi náà wà bó ṣe wà.

Àbúrò rẹ ló fi fóònù rẹ̀ hàn mí lọ́jọ́ Àìkú: àwòrán ọgbà tí ọkùnrin kan yà fún ọ láti Lekki. Ó wu ojú, n kò parọ́. Koríko kápẹ́ẹ̀tì, igi màsíkéréèdì gbọọrọgbọọrọ, íńtálọ́ọ̀kì títí dé ìdí fẹ́ǹsì. Mo bi í pé ìgbà wo lọkùnrin náà dé ilé yín ní Effurun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Ó ní kò dé ibẹ̀ rí, fọ́tò lo fi ránṣẹ́ sí i. Àkànní! Ìwọ tí kì í ra bàtà láìfi rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká!

N kò ní kí o má gba oníṣẹ́ o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á ti wo ibi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí, ibi tí sókáwéè wà, àti ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, kó tó dárúkọ òdòdó kankan. Òjò Warri fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn, omi abẹ́ ilẹ̀ yín kò sì jìn. San owó ọkọ̀ rẹ̀, kó wá lásìkò òjò, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi ń gbà. Kí owó àwòrán dá dúró, kí owó iṣẹ́ dá dúró. Wo Bàbá Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ọmọ Idumuje-Ugboko ní Delta yín níbẹ̀, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice lọ́dún 2023. Nínú ilé tó kọ́, ó dá àyè sí àárín tí òjò ń rọ̀ sí. Kò bá òjò jà.

O rántí ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí ẹ ti ń ṣa àgbálùmọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé igi yẹn, ewé rẹ̀ ti sú mi í gbá. Dádì yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ máa mumi. Mo ní ẹrẹ̀ ti tó gẹ́ẹ́, mo sì da sìmẹ́ǹtì láti ògiri dé ògiri. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, odò gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Kò sí àgbàlá tó lè dá ìyẹn dúró, n kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n òjò kékeré lásán ló ń wọ kíṣìnì wa látìgbà tí sìmẹ́ǹtì yẹn ti gbẹ. Dádì yín kò bá mi wí rí. Á kàn gbé ìgbálẹ̀, á máa gbá omi síta.

Igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé rẹ kò sí nínú àwòrán yẹn. Ta ló ní kí wọ́n gé e? Ewúro kò sí níbẹ̀, ẹfinrin kò sí níbẹ̀. Ṣé ọjà ni ìyàwó wa yóò ti máa ra ẹfinrin ọbẹ̀ ata nígbà tó ní ilẹ̀? Koríko tí a kì í jẹ, tí a ó tún máa sanwó gé! Mo ti gé ọ̀pá ewúro sílẹ̀ fún yín, àbúrò rẹ á gbé e bọ̀. Bí mo bá dé lọ́dún Kérésì tí n kò bá rí i nínú ilẹ̀, n kò ní sùn níbẹ̀.

Fi nọ́ńbà ọkùnrin Lekki yẹn ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni n ó bá a sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Màmá yín ti Apẹ̀tẹ̀