Dírẹ́bà Káàdì Àwòrán Lórí Linux: Ẹ̀kọ́ Kékeré Fún Ẹni Tó Ń Kọ Àpilẹ̀kọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ni mo ti gba tèmi. Òkukù yìí náà ni Karin Barber ti ṣe ìwádìí oríkì, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1991. Ohùn àgbà pọ̀ lágbègbè wa. Ọwọ́ tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ ni kò pọ̀.

Praat kì í bèèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lo Whisper, tí OpenAI gbé jáde ní 2022 tí Yorùbá sì wà lára àwọn èdè rẹ̀, nílò káàdì àwòrán tó ń ṣiṣẹ́, bí kò bá fẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Káàdì kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí dírẹ́bà.

Dírẹ́bà tí mò ń wí kì í ṣe ti mọ́tò. Ògbufọ̀ ni. Kernel Linux ń sọ èdè kan, káàdì ń sọ òmíràn, dírẹ́bà ló ń túmọ̀ láàárín wọn. Bí èdè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ni kernel àti káàdì ń yí padà. Ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè àtijọ́ lè má gbọ́ ti ìwòyí, ẹni tó gbọ́ ti ìwòyí sì lè má gbọ́ ti àtijọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tó wà lára dírẹ́bà fi ṣe pàtàkì. Ubuntu 24.04 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

1. Ẹ mọ káàdì yín

lspci -k | grep -A 3 -E "VGA|3D"

Bó bá jẹ́ Intel tàbí AMD, dírẹ́bà àwòrán rẹ̀ ti wà nínú kernel àti nínú Mesa, iṣẹ́ tí Brian Paul bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Kò sí ohun tí ẹ ó máa wá kiri kí àwòrán tó hàn. Bó bá jẹ́ NVIDIA, ẹ lè rí nouveau níbẹ̀. Nouveau máa ń gbé àwòrán jáde dáadáa, ṣùgbọ́n CUDA tí Whisper ń lò lórí káàdì NVIDIA kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Dírẹ́bà NVIDIA fúnra rẹ̀ lẹ nílò.

2. Ẹ mọ ibi tí káàdì yín parí sí

Tókúnbọ̀ lọ̀pọ̀ wa ń rà, nítorí náà ẹ fiyè sí èyí. Káàdì ìran Fermi kò kọjá dírẹ́bà 390. Ti Kepler kò kọjá 470. Ti Maxwell, Pascal àti Volta kò kọjá 580. GTX 1050 ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí mò ń lò nílé ní Ìkìrun; Pascal ni, 580 sì ni ààlà rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún package tí orúkọ rẹ̀ parí sí "-open": káàdì ìran Turing àti àwọn tó tẹ̀ lé e nìkan ló wà fún. Àṣẹ yìí yóò fi èyí tó bá káàdì yín mu hàn:

ubuntu-drivers devices

3. Ẹ gbà á lọ́wọ́ apt

Ẹ má lọ gba fáìlì .run láti ojúlé NVIDIA. Apt kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bí kernel bá sì yí padà lọ́la, dírẹ́bà lè má bá a mu mọ́. Package Ubuntu máa ń tẹ̀ lé kernel bó bá ti ń yí padà.

Nítorí ọ̀rọ̀ dátà àti iná, mo pín iṣẹ́ náà sí méjì. Mo kọ́kọ́ gba package sílẹ̀ lóru, nígbà tí dátà wọ́n kéré:

sudo apt install --download-only nvidia-driver-580

Nígbà tí bátìrì bá kún, mo wá fi í sórí ẹ̀rọ:

sudo apt install nvidia-driver-580

Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣe fòyà. Ẹ tàn án, kí ẹ sì lo méjèèjì yìí:

sudo dpkg --configure -a
sudo apt install -f

4. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ nvidia-smi. "CUDA Version" tí ẹ ó rí lókè kò túmọ̀ sí pé CUDA ti wà lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ̀yà tó ga jù tí dírẹ́bà náà lè gbà ló ń sọ.

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3, ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kí ẹ yọ dírẹ́bà náà kúrò:

sudo apt purge '^nvidia-.*'

Bí ẹ bá tún un tàn, nouveau yóò padà sẹ́nu iṣẹ́.

5. Ẹ dì í mú

Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó yí padà lójijì nígbà tí ọjọ́ ìfisílẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀:

sudo apt-mark hold nvidia-driver-580

Bí ẹ bá ti gbèjà àpilẹ̀kọ yín tán, ẹ fi unhold rọ́pò hold, nítorí àtúnṣe ààbò ń bẹ nínú àwọn ẹ̀yà tuntun.

Ohun kan kù. Ẹ kọ orúkọ káàdì, nọ́ńbà dírẹ́bà àti nọ́ńbà kernel (uname -r ni yóò sọ ọ́) sínú Orí Kẹta àpilẹ̀kọ yín, níbi tí ẹ ti ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí. A máa ń kọ irú ẹ̀rọ tí a fi gba ohùn síbẹ̀. Èyí tó bá wa kọ ohùn náà sílẹ̀ yẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àbúrò wa tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.