Ẹ Bi Olúwa, Ẹ sì Wo Àlùbọ́sà

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, àdúgbò Mabera ní ìlú Sókótó ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbí, èmi ń ta omi tútù àti míńírà, Ọlọ́run sì bá mi bùkún ọjà náà. Ẹnìkan wá mú ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà wá: kí a rà á nísinsìnyí tí ó pọ̀ lọ́jà, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a tà á nígbà òjò tí ó bá gbówó lórí. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Wòlíì kan ní Ìbàdàn tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní òun rí mi láàárín àlùbọ́sà tí ó ń dán bíi wúrà, kí n rà á kíákíá, kí n sì fi ₦25,000 owó àbẹ́là ránṣẹ́. Pásítọ̀ wa níbí ní iná ni òun rí. Mo wá dijú, mo ṣí Bíbélì, mo fi ìka lé e. Nọ́ḿbà orí 11 ni ó bọ́ sí, ibi tí wọ́n ti dárúkọ àlùbọ́sà gan-an! Orí mi wú. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí n kì í fi ìka wádìí nínú Bíbélì, títí kan kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí n óò wọ̀. Alhaji kan wà nítòsí ilé wa tí ó ti pẹ́ nídìí òwò àlùbọ́sà, àmọ́ Mùsùlùmí ni. N kò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí Kristẹni gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí ohun tí ó ti gbé síwájú Ọlọ́run. N kò tíì sọ fún ọkọ mi. Owó ọwọ́ mi kò tó, ṣùgbọ́n èmi ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, a kò sì ní ná owó ẹgbẹ́ títí di ìkórè. Mo lè fi kún tèmi, kí n sì dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí Ọlọ́run ń sọ?
Ìyá Ìbejì, Sókótó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ooru o. Oṣù tí oòrùn Sókótó bá ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ojú ọjà yín máa ń là, mo sì mọ̀ pé òógùn wà nínú owó náà. Ẹ kò jẹ̀bi bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti dà á sórí nǹkan tó lè jẹrà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ kó o sí, ẹ sì sáré gba ibẹ̀ kọjá. Owó ẹgbẹ́ ni mò ń wí. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ohun tí Ọlọ́run ń sọ. Lórí èyí, ó ti sọ ọ́ tipẹ́, kò sì gba ààwẹ̀. Owó olówó ni. Bí a bá mú un láìtọrọ, tí a sì dá a padà kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ tí à ń pè é kò yí padà.

Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù. Ó kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ìjọ fún àwọn aláìní tó wà ní Jerúsálẹ́mù. Àpọ́sítélì ni o. Ta ni ì bá bi í pé èwo ló kù? Síbẹ̀, bí ẹ bá ka Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ẹ óò rí i pé kò fẹ́ kí ọwọ́ òun nìkan wà nínú rẹ̀. Ó yan Títù sí i, ó tún fi arákùnrin tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí Pọ́ọ̀lù bá ṣọ́ra tó báyìí, kí ni kí akápò ẹgbẹ́ obìnrin ní Mabera máa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ní àlùbọ́sà náà jẹrà. Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá ẹgbẹ́ ní kí ẹ kó owó jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀. Ní Sókótó tí ẹ̀yin Kristẹni Yorùbá kò pọ̀, ìjọ ni ilé, òun ni ẹbí, òun náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tí ojú bá tì kúrò níbẹ̀, ibo ni yóò sá lọ? “Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀” tí ẹ kọ yẹn, òun gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín. Gbogbo wa la mọ Jákọ́bù orí 1, níbi tí ó ti ní kí ẹni tí ọgbọ́n kù fún tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. A kì í sábà ka ìwé náà dé orí 3, níbi tí ó ti padà sórí ọgbọ́n kan náà, tí ó sì ń sọ bí a ṣe lè dá èyí tó ti òkè wá mọ̀. Kò dárúkọ àlá, kò dárúkọ ìran. Ìwà ló kà sílẹ̀, àìlábòsí sì wà lára rẹ̀.

Ní ti ìka tí ẹ fi lé Bíbélì, ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bíbélì dárúkọ àlùbọ́sà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibẹ̀ sì ni ìka yín lọ bọ́ sí! Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ka ìyókù? Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni wọ́n ń sunkún nínú aginjù. Mánà ti sú wọn. Ẹja àti àlùbọ́sà Íjíbítì ni ọkàn wọn ń fà sí. Kí orí náà tó parí, àparò ti dé, wọ́n ti fi wọ̀bìà kó o jọ, àrùn ti bọ́ sáàárín wọn, wọ́n sì ti ń sin òkú. Bó bá jẹ́ àmì la ń wá, àmì yìí kò gbè yín rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìka ka Bíbélì, ó yẹ kí ó jẹ́ kí ojú bá a dé ìparí orí. Ẹ óò ní Gídíónì náà tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ Ọlọ́run ti sọ ohun tí yóò ṣe fún un kí ó tó tẹ́ ẹ. Jìnnìjìnnì ló bo ọkùnrin náà, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ní ti kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ẹ wọ èyí tó bá kọ́kọ́ dé tí táyà rẹ̀ dára.

Wòlíì kan rí wúrà, pásítọ̀ kan rí iná. N kò ní bá yín pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Àwọn tó jù wọ́n lọ ti rí nǹkan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Ní ọdún 1931, nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church ti ilẹ̀ Bìrìtìkó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn bàbá wa Aládùúrà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà níbẹ̀, I. B. Akínyẹlé tó padà di Olúbàdàn ní 1955 náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuiníìnì bí ibà bá mú wọn. Àdúrà àti omi ìyè ni àwọn tiwa dúró lé. Ọ̀rọ̀ náà le títí ìjọ fi pín, ẹ̀yà kan di Christ Apostolic Church tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Ìhà méjèèjì ló ń gbààwẹ̀, ìhà méjèèjì ló gba ìsọtẹ́lẹ̀ gbọ́. Ní tèmi, ẹni tí ibà bá ń dà láàmú kí ó lo oògùn, kí ó sì gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bí àwọn ẹni ńlá yẹn kò bá fẹnu kò lórí kuiníìnì, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé tọ̀hún àti tìhín kò fẹnu kò lórí àlùbọ́sà. Iná tí pásítọ̀ yín rí, tí ó bá tiẹ̀ mú kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ bèèrè ọ̀rọ̀, ó ti ṣe yín lóore.

Ta wá ni kí ẹ bi? Alhaji ni.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 18. Mósè jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ń dá ẹjọ́ gbogbo ìlú. Jẹ́tírò, bàbá ìyàwó rẹ̀, dé, ó wò ó, ó ní èyí tí ò ń ṣe yìí kò dára, yóò pa ọ́, yan àwọn olórí tí yóò máa bá ọ gbọ́ èyí tó kéré. Ẹ má gbàgbé pé àlùfáà Mídíánì ni Jẹ́tírò, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì. Mósè tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú gbọ́ tirẹ̀, ó sì ṣe gbogbo ohun tí ó wí. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ gba ẹ̀sìn Alhaji. Òwò àlùbọ́sà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni ẹ fẹ́ kọ́. Ẹ má dá lọ o. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ṣíwájú, ẹ jọ kí i bí àṣà ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ sì rí i pé ẹ kò lè ṣe èyí láìjẹ́ pé ẹ ti sọ fún ọkọ yín. N kò ní fi ìwàásù sú yín lórí ìyẹn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ bi í bí ẹni tó fẹ́ ná owó. Àlùbọ́sà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yìí, ṣé àkùrọ̀ Goronyo ni wọ́n ti wú u ni, àbí Wurno, àbí Kware? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti ṣíwọ́ bíbomi rin ín kí wọ́n tó wú u? Èyí tí ó ń mu omi títí dé ọjọ́ ìkórè, ara rẹ̀ á máa dán, á sì wúwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nílé. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ fúnra yín. Bí ó bá ṣì rọ̀, wọn kò sá a tó, ibẹ̀ sì ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Kò sí ìran tí yóò bá yín gbẹ ọrùn àlùbọ́sà tí a kò sá. Ẹ ní kí ó mú yín dé ahéré tí wọ́n ń kó o sí, kí ẹ rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara koríko rẹ̀ wọlé, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọn kò kó o lé ara wọn bí òkìtì. Ta ni yóò máa ṣa èyí tó ń jẹrà àti èyí tó ń hù kúrò ní gbogbo ìgbà, nígbà tí ẹ̀yin bá wà nídìí omi tútù? Èló ni wọn óò gbà? Nínú àpò mẹ́wàá, mélòó ló máa ń délẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án?

Ẹ tún bi í nípa ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọjà dúró, wọn kò jẹ́ kí ó kọjá sí Gúúsù. Àlùbọ́sà wọ́n bí ojú ní Èkó, ti òkè Ọya sì wà nílẹ̀ láìrí ọkọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n ti ẹnubodè Illela tó wà lókè Sókótó yín níbẹ̀, kò sì ṣí títí di oṣù Kẹta 2024. Àwọn tó ti to ọjà sílẹ̀ nítorí Niger nígbà náà, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ wọn lọ́wọ́ Alhaji. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹlòmíràn lè ka èyí kó ní mo ti sọ àdúrà di yẹpẹrẹ. Rárá o. Ẹ lọ ka Jóṣúà orí 9. Àwọn ará Gíbéónì wọ bàtà àkísà, wọ́n gbé búrẹ́dì tó ti bu lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì yẹ oúnjẹ wọn wò, wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì bá wọn dá májẹ̀mú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n. Jóṣúà wo búrẹ́dì, kò bi Olúwa. Ẹ̀yin bi Olúwa, ẹ kò wo àlùbọ́sà.

Nítorí náà ẹ máa gbàdúrà lọ, àmọ́ ẹ yí ohun tí ẹ ń tọrọ padà. Ẹ ti ń tọrọ “ra” tàbí “má rà.” Ẹ tọrọ ojú tí kò ní fo ohun tí Alhaji bá fi hàn yín torí pé èrè ń ta yín lójú. Ẹ tọrọ ẹnu tí yóò lè sọ pé “a ò ṣe mọ́” fún ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá. Nehemáyà gbàdúrà wẹ́rẹ́ níwájú ọba kí ó tó dáhùn. Nígbà tí ó sì la ẹnu, ó mọ iye ìgbà tí yóò lò, ó mọ lẹ́tà tí ó fẹ́, ó mọ igi tí yóò fi kọ́lé.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ kó owó ẹgbẹ́ àti ìwé rẹ̀ lọ síwájú ìyá ẹgbẹ́, ẹ ní kí wọ́n yan ẹni kejì tí yóò máa bá yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kó o lọ sí báńkì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àlùbọ́sà. Bí ọkọ yín bá gbà, tí ohun tí ẹ bá rí ní ahéré sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó ara yín ra ìwọ̀nba àpò tí ó jẹ́ pé bí ó bá jẹrà tán, omi tútù yóò ṣì wà nínú fíríìjì láti tà. Bí ọkàn yín bá ṣì ń kọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún yìí. Wọn yóò tún gbìn ín lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ó ku ₦25,000 owó àbẹ́là. Ẹ má fi ránṣẹ́. Bí wòlíì náà bá tún pè, ẹ bi í pé èló ni wọ́n ń ta àpò àlùbọ́sà kan ní ọjà Kasuwar Daji lónìí.