Kẹ̀kẹ́ Nínú Yàrá ní Onitsha: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Atẹ́gùn Yóò Gbà

Lọ́dún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé iye eruku tó wà nínú afẹ́fẹ́ àwọn ìlú jáde. Onitsha ló ga jù lágbàáyé nínú irú eruku kéékèèké tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró: 594 máíkírógíráàmù nínú kúbíìkì mítà kan, nígbà tó jẹ́ pé 20 ni àjọ náà ní kò yẹ kó kọjá nígbà náà. Ẹni tó ń gbé Fegge tàbí tó ń gba Upper Iweka kọjá lójoojúmọ́ kò nílò kí wọ́n ka iye yẹn sí i létí. Tírélà, èéfín jẹnẹrétọ̀, pàǹtí tí wọ́n ń jó àti eruku ọyẹ́ ni ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Head Bridge ń fà símú. Ẹ tún fi ti àwọn ọjọ́ Ajé kún un, nítorí pé lóṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé lọ́jọ́ náà nítorí àṣẹ ìjókòó-sílé, tí wọ́n sì ń ti ọjà.

Ó bọ́gbọ́n mu, nígbà náà, kéèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ nínú yàrá. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ìlú kan náà ló ń wọ yàrá. Ìdí nìyí tí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ atẹ́gùn kí a tó kan kẹ̀kẹ́.

Ẹ wá igun tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí títì. Nínú àwọn ilé alájà púpọ̀, yàrá ẹ̀yìn ló sábà máa ń dára jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọjú wo ìsàlẹ̀ lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ, torí ẹ̀yìn ilé náà ni àwọn ayálégbé máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Àyè tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, ti tó. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀ kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, nítorí ṣe ni yóò gbé eruku dìde. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀ láti alẹ́ àná. Nígbà òjò, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ ṣí fèrèsé gbayawu. Nígbà ọyẹ́, ẹ tì í, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún fáànù.

Fáànù yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nínú agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá ń wa pẹ́dàlì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ooru ni gbogbo ìyókù. Ní títì, ìrìn kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa lára. Nínú yàrá, a kò kúrò lójú kan, ooru náà yóò sì jókòó tì wá bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Òógùn ń ro ṣùgbọ́n kì í gbẹ, pàápàá nínú ọ̀rinrin etí odò Ọya. Ẹlòmíì rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò lágbára, ooru ló mú un. Fáànù onídùúró ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti àjà, nítorí ẹ̀yìn nìkan ni ti àjà ń fẹ́ sí nígbà tí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Ẹ gbé e sí iwájú ní nǹkan bíi mítà kan, kó kọjú sí àyà àti ojú. Kó jẹ́ èyí tó ní bátìrì, kó má baà kú pẹ̀lú iná.

Ó wá kan irin tí kẹ̀kẹ́ yóò dúró lé, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní trainer. Èyí tó ní kọ̀ǹpútà nínú dára, ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ó sì lè mú yín gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun lórí áàpù tí wọ́n ń pè ní Zwift. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ, ó sì wọ́n. Èyí tó ń lo òòfà, tí táyà ẹ̀yìn ń yí lórí rólà kékeré kan, kò nílò iná rárá. Òun ni èmi yóò rà ní Onitsha.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì ńlá ló di ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mú, kì í sì í ṣe gbogbo trainer ló gba irú rẹ̀. Bí ojú táyà bá rí gbágungbàgun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jọ̀lọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo rẹ̀ yóò jí gbogbo ilé.

Ẹ tẹ́ rọ́bà tó nípọn tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ ṣẹ́ po sí méjì, nítorí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú ṣinṣin, kó wà láàárín gan-an, kí ẹ wá sún rólà títí yóò fi kan táyà, kí ẹ tún fún un díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan di rólà mú, kí ẹ fi èkejì yí táyà. Bó bá ń yọ̀, ẹ fún un sí i. Bí kò bá yọ̀ mọ́, ẹ dúró níbẹ̀; àfúnjù ló ń jẹ táyà. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ti ga ju iwájú lọ: pákó kan lábẹ́ táyà iwájú yóò mú un dọ́gba.

Fún gíga ìjókòó, ẹ gùn ún, kí ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìbàdí yẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé iwájú ẹsẹ̀ lé e, orúnkún yóò ká díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn.

Iyọ̀ inú òógùn ń jẹ irin. Ẹ fi tọ́wẹ̀lì bo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì nu gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbé omi sítòsí. Bí ẹ bá ní ìwọ̀n nílé, ẹ wọn ara yín ṣáájú àti lẹ́yìn. Kílò kan tó dín jẹ́ nǹkan bíi lítà omi kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mu padà díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ogún ìṣẹ́jú ti tó, ní ìwọ̀n tí ẹ ṣì lè fi sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, a kò sì lè fojú rí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń mí ní ìlọ́po púpọ̀ ju ẹni tó jókòó lọ. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí fáànù. Bí ti aládùúgbò bá sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé yín lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ di ọ̀la.