Àgbájọ Ọwọ́ Tí Kò Létò

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kò sí ọmọ Yorùbá, yálà ní Ẹ̀jìgbò tàbí ní Adjamé, tó nílò kí wọ́n túmọ̀ òwe yìí fún un. Ṣùgbọ́n ní Abidjan níbí, bí ìdíje bọ́ọ̀lù bá ti wọ ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, òwe yìí gan-an làwọn èèyàn fi ń da orí akọ́nimọ̀ọ́gbá rú. Wọ́n á ní kí gbogbo ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó lórúkọ má jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n bá sì pàdánù, àwọn kan náà ni yóò pariwo pé kí ó tú gbogbo wọn ká kó tó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kàn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, nítorí ìlú yìí ti fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀kọ́ tó yẹ kó pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Côte d'Ivoire ló gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n na Guinea-Bissau 2-0, Nàìjíríà na àwọn náà 1-0, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, Equatorial Guinea fi 4-0 dójú tì wọ́n ní pápá Ebimpé, níṣojú àwọn ará ilé. Ọwọ́ kò wọ́n wọn: Franck Kessié, Seko Fofana, Ibrahim Sangaré, Nicolas Pépé, gbogbo wọn ló wà nínú ikọ̀ náà. Góòlù kan ṣoṣo ló wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Mẹ́ta tó kù wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 70, nígbà tí àwọn Erin, ìyẹn ikọ̀ Côte d'Ivoire, ti rọ́ síwájú láti wá góòlù, tí ẹ̀yìn wọn sì ṣófo. Ọwọ́ pé, àmọ́ kò sí èyí tó mọ ibi tí èkejì wà.

Àjọ bọ́ọ̀lù yọ Jean-Louis Gasset kúrò, wọ́n sì fa iṣẹ́ lé Emerse Faé, igbákejì rẹ̀, lọ́wọ́. Ohun tí Faé ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń to ikọ̀ fara balẹ̀ wò. Ní Yamoussoukro, Sẹ̀nẹ̀gà tó gba ife náà ní ìdíje tó ṣáájú ni wọ́n pàdé, ó sì fi Kessié àti Pépé sórí bẹ́ǹṣì. Habib Diallo gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrin péré. Faé kò fi ìbẹ̀rù ya ètò rẹ̀ sọnù. Ó dúró títí àsìkò fi tó. Nígbà tó yá, aṣọ́lé Sẹ̀nẹ̀gà gbé Pépé ṣubú, Kessié gbá pẹ̀nárítì náà wọlé ní ìṣẹ́jú 86, òun náà ló sì gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fi pẹ̀nárítì pinnu ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Ní Bouaké, káàdì pupa ti sọ wọ́n di mẹ́wàá kí wọ́n tó lọ sinmi, Málì sì ń lé wọn kiri. Simon Adingra ló dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú 90, Oumar Diakité ló sì gbá èyí tó borí nígbà tí àfikún àkókò ti tán. Orí bẹ́ǹṣì ni àwọn méjèèjì ti dìde wá. Ká ní ó ti fi gbogbo wọn sórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ta ni ì bá ní ẹsẹ̀ tó ṣì le nígbà yẹn?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdíje parí, Faé kò yí ohun tó ń ṣiṣẹ́ padà mọ́. Káàdì fa ìyípadà lẹ́yìn, èyí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta àárín, Kessié, Jean Michaël Seri àti Seko Fofana, àti àwọn mẹ́ta iwájú, Max Gradel, Sébastien Haller àti Adingra, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Kóńgò (DR Congo) ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, àwọn náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá. Ìdí wà níbẹ̀. Seri a máa dúró pín bọ́ọ̀lù, Kessié a sì ráyè sáré lọ sójú ilé. Haller a máa fa àwọn adènà mọ́ra láàárín, àyè a sì ṣí fún Adingra lápá òsì. Gradel ló gbá bọ́ọ̀lù tí Haller fi na Kóńgò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé (ọ̀pọ̀ nínú wa ní Abidjan ni kò mọ èyí tí à bá yọ̀ fún), àmọ́ Adingra gbá kọ́nà fún Kessié láti fi orí kàn án wọlé, ó sì tún ta bọ́ọ̀lù sí Haller ní ìṣẹ́jú 81. Ó di 2-1.

Ẹnìkan lè ní oríire lásán ni. Òótọ́ ni pé bí Mòrókò kò bá na Zambia, àwọn Erin kì bá tí kúrò ní ìpele àkọ́kọ́, Málì sì pàdánù pẹ̀nárítì kan. Oríire ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ oríire kọ́ ló yan ẹni tí yóò jókòó àti ìgbà tí yóò dìde. Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: wọ́n ní Haller àti Adingra fara pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, Gasset kò rí wọn lò, nítorí náà kí a má di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Mo gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti bá òwe yìí jà. Òwe náà kò sọ ohun tó yẹ ká ṣe sí ọwọ́ tó ń dunni. Àwọn tó ń pariwo pé kí Haller wọlé tòun ti ọrùn ẹsẹ̀ tó ń ro ó, bí wọ́n bá rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà, kò ní sí ẹsẹ̀ tí yóò gbá góòlù lálẹ́ ọjọ́ àṣekágbá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń to ikọ̀ bọ́ọ̀lù máràkánà, bọ́ọ̀lù orí pápá kékeré àdúgbò, ní Treichville, Koumassi àti Adjamé, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn ti mọwọ́ ara wọn, ẹ má sì yà wọ́n nítorí ariwo ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ jókòó, ẹ sọ fún un ṣáájú pé báyìí ni a fẹ́ lò ọ́, ìgbà báyìí ni wàá wọlé. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù ò bá mọ̀ ni yóò fi inú bíbí tú.