Rìkíṣí, Ọ̀tẹ̀, Ìdalẹ̀: Ta Ló Ṣe Èwo?

Ẹ bi àwọn tó wo The X-Files, eré tí Chris Carter bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà ní 1993, pé kí ni ìtàn rẹ̀ dá lé. Ọ̀pọ̀ á ní, "Ọ̀tẹ̀ ni." Ìdáhùn yẹn kò kún tó. Ìtàn náà lọ́jú pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí a bá fi ọ̀rọ̀ tó yẹ pe ohun tí oníkálukú ṣe, yóò yé wa.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá tó wá láti ayé mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pè wọ́n ní "ará ọ̀run". Kò tọ̀nà. Eégún àti àwọn baba ńlá wa tó ti lọ là ń pè bẹ́ẹ̀, tiwa sì ni wọ́n. A kò sì lè pe àwọn ẹ̀dá náà ní àlejò, torí àlejò lẹ́ni tó gbà á sílé. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Àjòjì ló bá wọn mu.

Àwọn alágbára kan ní Amẹ́ríkà bá àwọn àjòjì yìí ṣe àdéhùn ní bòńkẹ́lẹ́. Ní 1973 inú ìtàn náà, wọ́n fa àwọn mọ̀lẹ́bí tiwọn lé àwọn àjòjì náà lọ́wọ́. Samantha, àbúrò Mulder ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wà lára àwọn mọ̀lẹ́bí náà. Ìmùlẹ̀ nìyẹn. Irọ́ tí wọ́n ń pa fún aráàlú, àti ẹlẹ́rìí tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́, rìkíṣí ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára lábẹ́lẹ̀ sí epo dúdú tí àwọn àjòjì fi ń gba ara èèyàn, láìjẹ́ kí àwọn àjòjì mọ̀. Ìdalẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀tẹ̀ wá dà? Ọwọ́ àwọn àjòjì tó kẹ̀yìn sí ọ̀gá wọn ló wà: àwọn tó di ojú, imú àti ẹnu ara wọn pa kí epo dúdú má bàa ráyè wọ̀ wọ́n lára. Ọlọ́tẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó wà lórí rẹ̀ tó kọ̀ láti sìn mọ́. Àwọn ọlọ́tẹ̀ yìí ló dáná sun ọ̀pọ̀ àwọn onímùlẹ̀ náà.

Ó ku ìdìtẹ̀. "Dì" àti "ọ̀tẹ̀" ló bí i: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dì í pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Rẹ́mọ kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n fi kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1962. Adájọ́ Sówèmímọ̀ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1963; oṣù kẹjọ 1966 ló jáde. Ìjọba ní ìdìtẹ̀ ni. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní rìkíṣí àwọn alátakò ni. Ẹjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tí oníkálukú dúró sí ló yan ọ̀rọ̀ fún un. Tó bá kan ìjọba, ìsàlẹ̀ ni ìdìtẹ̀ ti ń lọ sókè. Rìkíṣí lè ti orí àga wá.

Nítorí náà, àwọn alágbára inú eré náà kì í ṣe ọlọ́tẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni agbára wà tẹ́lẹ̀. Onírìkíṣí ni wọ́n, ọ̀dàlẹ̀ sì ni wọ́n. Kí ẹ tó pe ohunkóhun lọ́tẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú òṣèlú, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló wà lórí ta, ta ló sì bá ta mulẹ̀?