Láàrin Ahun àti Àpà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìṣúná Owó Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù ju orúkọ odò àti òkè lọ. Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò fi gbé ilé ró lọ́la, èyí tí í ṣe ìṣúná owó. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: báwo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe lè gba ife-ẹ̀yẹ, tí gbèsè kò sì ní gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn baba wa mọ irú ènìyàn méjì tí owó kì í ṣe lóore. Èkíní ni ahun, tí ó di owó mọ́wọ́ títí ebi fi ń pa á. Èkejì ni àpà, tí ó ná tòní, tí ó sì ná tọ̀la mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè ṣìnà sí apá méjèèjì.

1. Owó Ta Ni A Ń Ná?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ní Niamey, olú-ìlú ilẹ̀ Niger, níbi tí Odò Ọya ti ń ṣàn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gamkalley jẹ́ àdúgbò kan níbẹ̀, létí odò náà. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ Gamkalley fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó dé ipò gíga jù lọ, àwọn wo ni wọn yóò bá figagbága? Wọn yóò bá ẹgbẹ́ àwọn ológun, ti ọlọ́pàá, ti ẹ̀ṣọ́ orílẹ̀-èdè, ti aṣọ́bodè, àti ti NIGELEC, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Lẹ́yìn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ní àpò. Lẹ́yìn ẹgbẹ́ àdúgbò, owó ẹnu ọ̀nà pápá àti ọrẹ àwọn olólùfẹ́ nìkan ni ó wà.

Nítorí náà, kí akápò ẹgbẹ́ tó béèrè pé èló ni ó wà nílẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé ọwọ́ ta ni owó náà ti ń wá, àti pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni náà bá ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

2. Ohun Tí Ìbàdàn àti Èkó Ti Rí

Ìlú Ìbàdàn ti rí ìdáhùn ìbéèrè yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Leventis dá ẹgbẹ́ Leventis United sílẹ̀ níbẹ̀. Owó kò wọ́n wọn. Wọ́n gba Ife Challenge ní 1984. Ní 1985 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbogbo, níbi tí Al Ahly ti Íjíbítì ti borí wọn. Ní 1986 wọ́n tún gba Ife Challenge, wọ́n sì ṣe ipò kìíní nínú líìgì. Ní 1987, ẹgbẹ́ náà túká. Kò sí ẹni tí ó lé wọn kúrò lórí pápá; ẹni tí ń sanwó ni ó dẹ́kun owó sísan, kò sì sí orísun mìíràn.

Ní Èkó, Israel Adebajo, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ta ohun èlò ìkọ̀wé, ni ó dá Stationery Stores sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba Ife Challenge ní 1967 àti 1968. Ní 1969 Adebajo papò dà. Ẹgbẹ́ náà kò bá a kú: ó gba ife náà ní 1982 àti 1990, ó sì ṣe kìíní nínú líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ dé ilé-ẹjọ́, ẹgbẹ́ tí èrò ń wọ́ tẹ̀lé sì di àwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀kọ́ kejì nìyẹn: ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé tí ó fi olówó rẹ̀ hàn kedere, bí ó ti wù kí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó, orí iyanrìn ni ó kọ́lé sí.

3. Ìparun Àpà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2001, Leeds United ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kù díẹ̀ kí ó dé àṣekágbá Champions League ti Yúróòpù. Wọ́n gbà pé ọdọọdún ni àwọn yóò máa jẹ nínú owó ìdíje náà. Wọ́n yá 60 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, wọ́n sì fi owó ìwọlé tí àwọn olólùfẹ́ wọn kò tíì san dógò. Wọn kò rí ibẹ̀ dé mọ́. Gbèsè wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ògbóǹtarìgì wọn. Rio Ferdinand lọ sí Manchester United ní 2002. Ní 2004 wọ́n já bọ́ kúrò nínú líìgì tí ó ga jù lọ, ní 2007 wọ́n já sí ìpele kẹta. Ọdún 2020 ni wọ́n tó padà sókè. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

4. Ahun Pàápàá Ń Pàdánù

Ǹjẹ́ kí ẹgbẹ́ má náwó rárá ni? Ó tì o. Ẹgbẹ́ tí kò san owó-oṣù déédéé, tí kò tọ́jú pápá, tí ó ń ta gbogbo ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáńgájíá, kò lè gba ife. Èrò kò ní wá wò ó, owó ẹnu ọ̀nà yóò sì máa dín kù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé agbábọ́ọ̀lù ní ìyá, aya àti ọmọ nílé. Owó-oṣù tí a kò san, oúnjẹ tí kò dé inú ìkòkò ni.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ Remo Stars, tí Kunle Soname dá sílẹ̀, tọ ọ̀nà àárín. Wọ́n ní pápá tiwọn nínú ìlú náà, wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́, tí a ń pè ní Beyond Limits. Wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2023 àti 2024, wọn kò sì bọ́hùn. Ní 2025 wọ́n gba ipò kìíní fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lóòótọ́, àpò ẹnì kan ni ó gbé ẹgbẹ́ yìí náà dìde. Ṣùgbọ́n owó tí a fi kọ́ pápá àti ilé-ẹ̀kọ́ kì í tán pẹ̀lú owó-oṣù. Bí olówó bá lọ lọ́la, àwọn nǹkan wọ̀nyí lè wà níbẹ̀.

5. Ìṣirò fún Kíláàsì

UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ti fi òfin lélẹ̀ pé nínú 100 tí ó bá wọlé fún ẹgbẹ́ tí ń kópa nínú ìdíje rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 70 lọ tí a ó ná lórí agbábọ́ọ̀lù, olùkọ́ wọn àti aṣojú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n mú un wọlé: 90 ní 2023, 80 ní 2024, kí ó tó di 70 ní 2025.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ẹgbẹ́ Gamkalley tí a fọkàn yà. Ká ní 1,000,000 owó CFA ń wọlé lóṣù: 400,000 láti ẹnu ọ̀nà, 350,000 láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò, 250,000 láti ọwọ́ ọlọ́rẹ kan ṣoṣo. Wọ́n san 700,000 fún agbábọ́ọ̀lù, 300,000 sì kù fún ìrìn-àjò, pápá, àwọn ọmọdé àti ìpamọ́. Bí ọlọ́rẹ yẹn bá lọ, 750,000 ni yóò máa wọlé. Bí owó-oṣù kò bá sì yí padà, 50,000 péré ni yóò kù fún gbogbo ìyókù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìbéèrè:
(1) Lẹ́yìn tí ọlọ́rẹ náà lọ, èló ni ẹgbẹ́ Gamkalley lè san fún agbábọ́ọ̀lù bí ó bá fẹ́ pa òfin 70 mọ́?
(2) Kí ni ó mú kí Leventis United túká nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife?
(3) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin yíyá owó láti fi ra agbábọ́ọ̀lù àti níná owó láti fi kọ́ pápá?
(4) Ẹ kọ ọ̀nà mẹ́ta tí owó ń gbà wọlé nínú ilé yín, kí ẹ sì sọ èyí tí ó lè dá dúró lójijì.