AGBẸJỌ́RÒ LÁÀRIN ÀWỌN ỌMỌ OGUN

Ní ìlú Ire, tí kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́ ní ìhà àríwá Èkìtì, díẹ̀ ni ọmọdé tí kò gbọ́ ìtàn Ògún. Ìtàn náà sọ pé Ògún ti ojú ogun bọ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ kan, akèrègbè ẹmu dúró níwájú wọn. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé akèrègbè kan, ó rí i pé òfìfo ni. Ògún rò pé wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Inú bí i, ó yọ idà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìgbà tí ara rẹ̀ rọ̀ ni ó tó mọ̀ pé èèwọ̀ àjọ náà ni kí ẹnikẹ́ni fọhùn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àbámọ̀ mú un, ó sì wọlẹ̀ lọ ní Ire.

Ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa yára dájọ́. Ohun tí idà bá sì ti bàjẹ́, ẹ̀bẹ̀ kò lè tún un ṣe. Àwọn àgbà ní òṣìkà ni ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Kí ni a ó wá pe ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnìkankan kí ó tó dá a? Nítorí irú èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣe òfin fún àwọn ọmọ ogun wọn, tí wọ́n sì ń fi agbẹjọ́rò sí àárín wọn.

Ọ̀nà iṣẹ́ yìí gùn. Ọmọ Ìkọ̀lé tàbí ọmọ Ìdó tí ó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì. Lẹ́yìn èyí, yóò lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1962, tí olú-ilé rẹ̀ sì wà ní Bwari nítòsí Àbújá nísinsìnyí. Nígbà tí ó bá di agbẹjọ́rò tán ni àwọn ológun tó lè gbà á. Yóò sì tún kọ́ bí a ti ń tò, bí a ti ń yìnbọn, àti bí a ti ń gba àṣẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá méjì ni ó ń sìn: òfin ni èkínní, ọ̀gágun rẹ̀ ni èkejì. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá ta ko ara wọn ni a ń mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Òun ni ó ń sọ ohun tí òfin gbà àti ohun tí kò gbà fún ọ̀gágun. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun pé a kì í pa ọ̀tá tí ó ti túúbá, a kì í sì í ṣe obìnrin àti ọmọdé ní ibi. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Ó wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní 1949, èyí tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1961. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon fún àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní ìwé kan tí ó ka irú èèwọ̀ wọ̀nyí fún wọn.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ológun ni iṣẹ́ rẹ̀ ti le jù. Kí ènìyàn sùn lẹ́nu ìṣọ́ tàbí kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni fún ọmọ ogun; ìdìtẹ̀ sì lè mú ikú wá. Gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn ọmọ ogun tí a ṣe ní 1993, alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, ni yóò jókòó ní ilé-ẹjọ́ ológun àgbà. Ọmọ ogun ni wọ́n, wọ́n lè má mọ ìwé òfin. Nítorí náà amòfin kan yóò jókòó tì wọ́n láti la òfin yé wọn, ṣùgbọ́n kò ní ohùn nínú ìdájọ́. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lè mú agbẹjọ́rò láti gbèjà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ará ìlú. Ìdájọ́ náà kò fìdí múlẹ̀ títí àwọn aláṣẹ ológun yóò fi fọwọ́ sí i, a sì lè gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn.

Ní 2014, nígbà tí ogun Boko Haram gbóná ní Borno, a fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kan ọmọ ogun 59 ní Àbújá, pé wọ́n kọ̀ láti lọ sí ojú ogun. Femi Falana, agbẹjọ́rò ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì, ni ó gbèjà wọn. Ó ní ohun ìjà ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn ológun ní àṣẹ ni àṣẹ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a dá 5 sílẹ̀, a sì dá ẹjọ́ ikú fún 54. A ti dá irú ẹjọ́ kan náà fún àwọn 12 mìíràn ní oṣù Kẹsàn-án. Agbẹjọ́rò wọn kò dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2015, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun yí ìdájọ́ ikú àwọn 66 náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu ìhà méjèèjì. Ọmọ ogun tí kì í gbọ́ràn kò lè gba ìlú là. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí tí ó bá ti bọ́ kì í padà. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti rí i pé a gbọ́ tẹnu gbogbo wọn kí idà tó jáde. Bí ó bá ṣe pé ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògún ní Ire lọ́jọ́ náà, tí ó lè dì í lọ́wọ́ mú pé, “Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ná,” ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá jí ní ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni àṣìṣe Ògún ní Ire?
2. Ta ni ó ń la òfin yé ìgbìmọ̀ ilé-ẹjọ́ ológun, kí sì ni kò lè ṣe?
3. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: “Ọ̀gá méjì ni ó ń sìn.”
4. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ìgbọràn ni agbára ọmọ ogun.” Ṣé o gbà bẹ́ẹ̀?